Ẹni Tó Fi Ara Rẹ̀ Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́ Kì í Káwọ́ Gbera

Láti Agége títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu àwa onígbàgbọ́: "Mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ rere ni. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́ ni pé kí Kristẹni má fẹ́ nǹkan kan mọ́, kó má pinnu nǹkan kan, kó má sì gbé ẹsẹ̀ títí àmì yóò fi dé láti òkè. Bó bá sọ ohun tó wù ú, wọ́n á ní ẹran ara ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá lọ ṣe ìwádìí, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀kọ́ yìí ti gbilẹ̀, kò sì bá Bíbélì mu. Ohun tí à ń fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni àṣẹ lórí ayé wa, àti ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi sí wa lọ́wọ́ kò sí lára ohun tí à ń dá padà fún un.

Ẹ wo Gẹ́tísémánì. "Ìfẹ́ ti èmi kọ́, bí kò ṣe tìrẹ ni kí a ṣe" ni gbogbo wa mọ̀ nínú Lúùkù 22:42. Ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ náà ni a kì í sábà kà: Jésù ti kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fẹ́, pé kí Baba gba ago náà lọ́wọ́ òun. Mátíù 26 sì jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àdúrà yẹn. Bó bá jẹ́ pé kéèyàn ní ìfẹ́ tirẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀, a ó ní láti sọ pé Jésù ṣẹ̀ nínú ọgbà náà, kò sì sí onígbàgbọ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àdúrà parí ńkọ́? "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a máa lọ" ló wí, ó sì rìn lọ pàdé àwọn tó wá mú un.

Ìjọ àtijọ́ jà lórí kókó yìí débi pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, àwọn kan tí ọba wà lẹ́yìn wọn ń kọ́ni pé ìfẹ́ kan ṣoṣo ni Kristi ní, ti Ọlọ́run, pé kò ní ìfẹ́ ti ènìyàn. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn (mọ́ńkì) kan tó ń jẹ́ Maximus kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gé ahọ́n rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kú sí ìgbèkùn ní 662. Ìgbìmọ̀ gbogbo ìjọ tó jókòó ní Constantinople ní 680 sí 681 ló wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òtítọ́ ni Maximus ń sọ: Kristi ní ìfẹ́ méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn, ti ènìyàn sì ń tẹ̀lé ti Ọlọ́run láìbá a jà. Bí Ọlọ́run kò bá pa ìfẹ́ ènìyàn rẹ́ lára Ọmọ rẹ̀, kí ni yóò fi pa tiwa rẹ́?

Àwọn tó ń gbe káwọ́ gbera lẹ́yìn á fa Ẹ́kísódù 14:13 yọ: "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì rí ìgbàlà Olúwa." Mósè ló sọ ọ́, ó sì yẹ kó sọ ọ́, nítorí àyà àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti já létí Òkun Pupa, wọ́n ti ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ méjì síwájú. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti fèsì: "Èéṣe tí ìwọ fi ń ké pè mí? Sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kí wọ́n tẹ̀ síwájú." Ìbẹ̀rù ni a ní kó dúró, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27 tún fi hàn kedere. Áńgẹ́lì ti ṣèlérí fún Pọ́ọ̀lù nínú ìjì òkun pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tó wọ̀, èèyàn 276, kò ní ṣègbé. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sá lọ, Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí wọn kò bá dúró sínú ọkọ̀, kò sí ìgbàlà. Ó tún rọ gbogbo wọn kí wọ́n jẹun, torí ó ti di ọjọ́ 14 tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Ìlérí wà, iṣẹ́ atukọ̀ wà, oúnjẹ wà. Kò sí èyí tó lé èkejì jáde.

Ìjà àtijọ́ ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ní 1740, John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fi ẹgbẹ́ àdúrà tó wà ní Fetter Lane ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan níbẹ̀ ń kọ́ni pé kí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé má gbàdúrà, kó má ka Bíbélì, kó má gba oúnjẹ Olúwa, kó kàn dúró jẹ́ẹ́. Wesley kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìsìn májẹ̀mú láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní 1755. Àwọn tó bá ti bá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe ìsìn yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún mọ àdúrà ibẹ̀: kí Olúwa fi wá sí ibi iṣẹ́ tàbí ibi ìyà bó ṣe wù ú, kó lò wá tàbí kó gbé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti múra iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń pa èèyàn ni ọ̀rọ̀ ìbímọ, ibẹ̀ ló sì ń dùn wá jù. "Màá bí bí obìnrin Hébérù" ni ọ̀pọ̀ aboyún ń sọ, wọn ò lọ forúkọ sílẹ̀, wọn ò ṣe sikáàn, bí dókítà bá sì dárúkọ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní ìfẹ́ Ọlọ́run kọ́. Inú Ẹ́kísódù 1:19 ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé àwọn obìnrin Hébérù máa ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Ta ló sọ ọ́? Agbẹ̀bí ni wọ́n! Ẹsẹ 15 dárúkọ wọn, Ṣífúrà àti Púà, ó sì hàn nínú ẹsẹ 16 pé iṣẹ́ wọn ni láti máa gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin Hébérù. Ẹsẹ 20 ní Ọlọ́run ṣe rere fún àwọn agbẹ̀bí náà. Kò sí ibì kankan nínú orí yẹn tí a ti ní kí aboyún yẹra fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ tún wo Ọba Hesekáyà, tí oówo fẹ́ pa, nínú Àwọn Ọba Kejì 20. Ọlọ́run ti sọ pé òun á fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà. Lẹ́yìn ìlérí ni oògùn ti dé.

Kí obìnrin tó fẹ́ fi oyún rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ wá ṣe báwo? Kó tètè forúkọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Island Maternity tàbí ní jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti dámọ̀ràn láti 2016 pé kí aboyún rí olùtọ́jú ìlera ó kéré tán ìgbà 8 kó tó bímọ. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (BP) bá dé 140/90 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, tí orí ń fọ́ ọ gidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, gìrì lè dé nígbàkigbà. Kó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má dúró de ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀. Bí sikáàn bá fi hàn nígbà tí oyún ti gbó pé ibi ọmọ bo ẹnu ilé ọmọ pátápátá, abẹ nìkan ni ọ̀nà tí kò léwu. Kí ọkọ ti wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì ti mọ ọkọ̀ tí wọ́n á wọ̀ lóru. Àdúrà rẹ̀ á wá rí bí ti Gẹ́tísémánì: "Baba, mo fẹ́ bí wẹ́rẹ́, láìsí abẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ ni ọ̀nà tìrẹ, mo gbà." Ìfara-ẹni-sílẹ̀ nìyẹn, ó sì jinlẹ̀ ju kéèyàn kọ abẹ lọ, torí ẹni tó kọ abẹ ti yan ọ̀nà kan ṣoṣo fún Ọlọ́run ná.

Àṣìṣe kejì tó sún mọ́ ọn ni pé kéèyàn kó ìpinnu ayé rẹ̀ lé wòlíì tàbí pásítọ̀ lọ́wọ́, kó sì pè é ní ìtẹríba fún Ọlọ́run. Ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní 13. Ọlọ́run sọ fún ènìyàn Ọlọ́run tó wá láti Júdà pé kó má jẹun, kó má mumi ní Bẹ́tẹ́lì. Wòlíì àgbà kan parọ́ fún un pé áńgẹ́lì ló ní kó wá jẹun. Ó gbà, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Kò gbà á sílẹ̀ pé wòlíì ni ẹni tó sọ fún un, pé àgbà sì ni. Nínú Ìṣe 21 ẹ̀wẹ̀, òtítọ́ ni wòlíì Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé a ó di Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn ará sunkún, wọ́n ní kó má lọ. Pọ́ọ̀lù tẹ́tí, ó rò ó, ó lọ. Àwọn gan-an ló wá sọ pé, "Ìfẹ́ ti Olúwa ni kí a ṣe."

Tí wọ́n bá ríran sí yín, ẹ má kẹ́gàn, ẹ wádìí. Tẹsalóníkà Kìíní 5:20-21 ló pa á láṣẹ. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ta ko ohun tí Bíbélì ti sọ, bóyá owó tàbí ara yín ni ẹni tó sọ ọ́ máa jèrè níbẹ̀, bóyá ó gbà kí ẹ fi lọ àgbà mìíràn nínú ìjọ. Èyí tó bá ní "má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó o ṣe é kílẹ̀ tó mọ́" kò yẹ kó gba ìpinnu lọ́wọ́ yín. Ní ti ìgbéyàwó, Kọ́ríńtì Kìíní 7:39 sọ pé opó lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú, kìkì nínú Olúwa. Ẹni tó wù ú! Arábìnrin tí arákùnrin kan bá bá tó ní "Ọlọ́run ti fi ẹ́ hàn mí" lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn pé kò wu òun, kò sì bá Ọlọ́run jà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ká fi ṣe é bó ṣe yẹ. Ìyá kan ń ta aṣọ ní Balógun, ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Yaba. Ẹ́jẹ́ǹtì ní owó ọdún méjì, owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Kó mú ìwé, kó kọ ohun tó wù ú gan-an sókè, láìfi ọ̀rọ̀ ìjọ bò ó. Lábẹ́ rẹ̀, kó kọ ohun tí Ọlọ́run ti sọ tẹ́lẹ̀: owó àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, owó oṣù ọmọṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró. Lórí ìwọ̀nyí, kò sí àwẹ̀ tó yẹ kó gbà, ìgbọràn ló kù.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ọgbọ́n. Lúùkù 14:28 ní kéèyàn jókòó ṣírò iye tí yóò ná a. Kó ro owó ilé, pákó ìpatẹ, jẹnẹrétọ̀, ọjà tuntun, àti ìnáwó oṣù mẹ́ta tí ọjà lè má tà. Kó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Sátidé, kó dúró láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, kó ka àwọn tó ń kọjá. Kó bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá omi ń wọlé ní oṣù Keje, kó wádìí ẹni tó ni ilé gan-an. Kó fi lọ èèyàn méjì tó ti pẹ́ nídìí aṣọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í pọ́n ọn.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ìyá náà kò lè dá dúró: dọ́là, iná, bóyá oníbàárà á wá. Ìwọ̀nyí ni kó dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, kó sì dá ọjọ́ tí yóò pinnu. Nehemáyà gbàdúrà lórí odi Jerúsálẹ́mù tó ti wó, láti oṣù Kísíléfì dé Nísánì, nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba bi í léèrè, ó ti mọ àkókò tó fẹ́, ìwé àṣẹ tó fẹ́, àti igi tó fẹ́ fi kọ́ ẹnubodè. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, tí àṣẹ Ọlọ́run kò dí i lọ́nà, tí ìmọ̀ràn gbe é lẹ́yìn, kó sọ ohun tí Jákọ́bù 4:15 ní ká sọ, "Bí Olúwa bá fẹ́," kó sì san owó.

Ohun tó sábà ń dá àwọn èèyàn dúró níbí ni pé ọkàn wọn kò balẹ̀, wọ́n sì ka ìyẹn sí pé Ọlọ́run kọ̀. Ọkàn Jésù bàjẹ́ títí dé ikú nínú ọgbà, àárín gbùngbùn ìfẹ́ Baba ló sì wà. Àwọn mìíràn á béèrè àmì bíi ti Gídíónì. Nínú Onídàájọ́ 6, Ọlọ́run ti sọ fún Gídíónì pé òun á tipasẹ̀ rẹ̀ gba Ísírẹ́lì là, kó tó tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀ de ìrì, ẹnu rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ rẹ̀: "gẹ́gẹ́ bí ìwọ ti wí." Ìrì yẹn kò kọ́ ọ ní ohun tuntun kan.

Èyí tó ń bani nínú jẹ́ jù ni pé nígbà tí a ń gbààwẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù, èyí tí Ọlọ́run béèrè ní tààràtà ni a ń dì mú. Sítétímẹ́ǹtì báńkì ayédèrú tí a fi wá físà. Ọjọ́ orí tí a gé kù fún iṣẹ́. Ọkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n tí a kò kí mọ́ nítorí ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Níbí ni ìfẹ́ wa ti gbọ́dọ̀ tẹ̀, ó sì máa ń dunni. Kí ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run àti fún àgbà kan tí ẹ lè fọkàn tán. Bó bá jẹ́ owó, Sákéù nínú Lúùkù 19 dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè san lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ lọ bá ẹni tó ni ín, ẹ bá a ṣe àdéhùn oṣooṣù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì san ti oṣù yìí kó tó parí.