Èsì wa sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa nítorí òdòdó hydrangea mẹ́rin

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin màmá wa. A rí ohun tí ẹ kọ ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà. Ẹ ṣeun tí ẹ rajà nínú ọgbà òdòdó wa.

Ọkọ mi ní kí n má dáhùn, pé ta ló ń bá oníbàárà ṣe ẹjọ́. Èmi náà ti fẹ́ mú un mọ́ra. Àfìgbà tí mo rí i pé ènìyàn 17 ti tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ran àwọn lọ́wọ́. Mo ní kí àwọn 17 yẹn má baà di agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, kí n sọ tèmi. Yorùbá lẹ fi kọ tiyín, Yorùbá náà ni màá fi fèsì.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: màmá ní àwọn ra hydrangea mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, pé a sọ fún àwọn pé ó fẹ́ràn oòrùn, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kú. Wọ́n ní ọmọ tó dá àwọn lóhùn ń tẹ fóònù. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ní London gbin irú ẹ̀ síwájú ilé, nínú oòrùn, ó sì ń tanná rẹpẹtẹ. Wọ́n tún sọ nǹkan kan nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Ti òdòdó ni mo wá sọ.

Sátidé, ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún, 2025 lẹ wá. Mo mọ̀ ọ́n dájú nítorí pé ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọjọ́ Àwọn Ìyá nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì sí ọjọ́ tí ọgbà wa máa ń kún tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Ọmọ àbúrò mi ló dá yín lóhùn. Ọmọ ọdún 19 ni, ilé ìwé ló wà láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé nìkan ló ń wá bá wa ṣe é. Òótọ́ ni, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é jókòó, mo bi í. Ó ní fọ́tò Limelight (irú hydrangea kan tó fẹ́ràn oòrùn) tó ti dàgbà lòun ń wá fún yín, kí ẹ lè rí bó ṣe máa rí lọ́dún kẹta. Mo gbà á gbọ́. Mo sì tún bá a wí, nítorí pé ojú oníbàárà ló yẹ kéèyàn máa wò.

Ìbéèrè méjì ni gbogbo ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi oníbàárà kó tó gbé ike hydrangea kankan fún un. Apá ibo nínú ilé lẹ fẹ́ gbìn ín sí? Wákàtí mélòó loòrùn fi ń pa ibẹ̀? Ó bi yín. Ẹ ní iwájú ilé ni, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, pé láti agogo méjìlá ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀, kò sí igi kan tó ṣíji bò ó. Ó mú yín lọ sí ìlà kẹta, níbi tí àwọn paniculata (ìran hydrangea tí Limelight wà nínú rẹ̀) wà, ó ní, “Mọ́mì, èyí lẹ máa mú, èyí ló fẹ́ràn oòrùn.” Gbólóhùn tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó nàka sí kọ́ lẹ wá gbé lọ.

Ẹ wo Limelight, ẹ ní kí ni ti eléyìí tó dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí kò pọ́n. Ẹ ní búlúù lẹ fẹ́, nítorí pé búlúù laṣọ ẹbí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ yín, iwájú ilé yẹn lẹ sì ti fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ yí padà, ẹ lọ sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ìbòji, ẹ fọwọ́ ara yín gbé hydrangea búlúù tí à ń pè ní Nikko Blue, mẹ́rin. (Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé táwọn ti ìlà kẹta wà nínú oòrùn gbangba, táwọn búlúù sì wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.) Rìsíìtì yín wà níwájú mi: Nikko Blue, mẹ́rin, dọ́là 38 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 152 láìka owó orí, agogo 11:42 àárọ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ẹ̀yin fúnra yín fi fọ́tò ayẹyẹ náà ránṣẹ́ sí wa. Òdòdó wà lẹ́yìn yín, ó dúró ṣánṣán, ó bá gèlè yín mu. Ẹ kọ “Ẹ ṣé gan-an ni,” ẹ fi ọkàn pupa mẹ́ta sí i. Nígbà yẹn, kò tíì kú.

Ó wá ku ti London. Ọmọ ìyá ni gbogbo hydrangea, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra. Macrophylla, tí Nikko Blue jẹ́ ọ̀kan lára wọn, etí òkun Japan ló ti wá, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń tù ú lára. Ewé rẹ̀ fẹ̀, omi sì ń tètè gba ojú ewé yẹn lọ. Oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń gbìn ín sí gbangba létí òkun ní Cornwall tí nǹkan kan kì í ṣe é. Georgia la wà níbí. Tí ooru bá ti kọjá 90 Fahrenheit ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, bí ewé ṣe ń tú omi dànù, gbòǹgbò ò lè fà á bá a, kódà kí ilẹ̀ tutù rinrin. Ewé á sorí kọ́. Tí oòrùn bá wọ̀, á gbérí padà. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Kí ọ̀rẹ́ yín wá gbé tiẹ̀ wá sí Gwinnett wa níbí ná.

Mo fẹ fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀ lójú, mo wò ó títí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni òkúta funfun tí ẹ dà yí ìdí òdòdó ká. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn ń da oòrùn padà sábẹ́ ewé, kọnkéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbóná títí di alẹ́, òdòdó wá wà láàárín bí ẹja lórí ààrò. Ọkùnrin tó bá yín gbé e sínú mọ́tò, ó ti bá mi ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà, sọ fún yín pé kí ẹ ra ìdì ewé páìnì gbígbẹ kan, dọ́là 7, kí ẹ fi bo ìdí rẹ̀ kó lè tutù. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ló ń fowó ra pàǹtírí.

Ohun kejì: òjìji àpótí lẹ́tà yín nà sápá ìlà-oòrùn. Ọ̀sán lẹ ya fọ́tò náà, ní wákàtí tí gbogbo macrophylla ní ìpínlẹ̀ yìí ń sorí kọ́, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn ilé tèmi.

Ohun kẹta ló dùn mí jù. Ẹ wo ìdí ẹlẹ́ẹ̀kejì láti apá òsì, níbi tí òkúta ti ya díẹ̀. Ewé tuntun méjì wà níbẹ̀, wọ́n kéré bí èékánná ìka, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ní ó kú. Òkú kì í rúwé, màmá.

Ẹ tún ní ẹ ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ike tí a fi ń gbin òdòdó, èèpo igi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó ń tètè gbẹ. Amọ̀ pupa tí ẹ gbẹ́ ihò sí, òun kì í tètè gbẹ ní tiẹ̀. Tí èèyàn bá na rọ́bà omi sórí òkúta fún ìṣẹ́jú méjì, amọ̀ á mu, ìdí òdòdó á máa wo omi. Tó bá sì wá pọ̀ jù, amọ̀ á gbé omi dúró, gbòǹgbò á rà. Èyí tí òùngbẹ pa àti èyí tí omi pa, bákan náà ni wọ́n ń sorí kọ́. Ìka ni kẹ́ ẹ tì bọ ilẹ̀ níbi tí igi rẹ̀ ti yọ, dé oríkèé kejì. Tó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi máa sun sí i díẹ̀díẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ibi tí ẹ̀bi ti kàn wá, màá sọ ọ́. Lébẹ́ẹ̀lì tó bá òdòdó yẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbìn ín fún wa ya àwòrán oòrùn odidi kan àti ààbọ̀, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú oòrùn gbangba tàbí oòrùn díẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń kó lọ sí Michigan, ibẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó yẹ ká ti bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹfà la ti lẹ bébà yẹ́lò mọ́ gbogbo macrophylla wa: OÒRÙN ÀÁRỌ̀ NÌKAN.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ fẹ́ hydrangea síbi tí oòrùn ti ń pa gidi, paniculata ni kẹ́ ẹ béèrè. Òdòdó tiẹ̀ yọ ṣóńṣó, kò rí rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù. Limelight ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, ẹ má gbìn ín sábẹ́ fèrèsé. Little Lime ò ju 3 sí 5 lọ, Bobo sì máa ń dúró nítòsí 3. Tí ara yín ò bá lélẹ̀, Quick Fire ló ń kọ́kọ́ tanná láàárín wọn. Wákàtí mẹ́fà oòrùn sókè, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi òùngbẹ jẹ wọ́n níyà ní ọdún àkọ́kọ́. Ara ẹ̀ka tuntun ni wọ́n ti ń tanná, nítorí náà ẹ lè gé wọn nígbà tí òtútù bá ń lọ, bí oṣù kejì. Macrophylla bíi Nikko Blue, ara ẹ̀ka èṣí ló ti ń tanná ní tiẹ̀: ẹni tó bá gé e nígbà òtútù ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀ dànù. Idaji àwọn tó ń pè mí pé tiwọn ò tanná, sísáàsì ló fà á.

Èyí tí ewé rẹ̀ dà bíi ti igi óòkù, ọmọ ìbílẹ̀ apá ibí ni. Alabama tó múlé tì wá sọ ọ́ di òdòdó inú igbó ìpínlẹ̀ wọn ní 1999. Ó lè fara da oòrùn, ó kàn fẹ́ràn ìbòji ọ̀sán ni, kò sì fẹ́ kí omi dúró nídìí òun. Annabelle, tó wá láti ìlú Anna ní Illinois, oòrùn àárọ̀ ló mọ̀ ní Georgia.

Kò sí búlúù nínú paniculata o. Funfun tàbí bí ewé ló ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọdún bá ń lọ. Nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ, macrophylla nìkan ni alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ tó kan (ilẹ̀ tó ní ásíìdì) ń sọ di búlúù. Ẹni tó bá ń ta irúgbìn Limelight búlúù fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jìbìtì ló ń lù yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sọ fún ẹni tó bi mí lọ́dún tó kọjá bóyá a lè fi ewé hydrangea se ẹ̀fọ́: májèlé wà nínú ẹ̀, ẹ má dán an wò.

Màmá, ọjọ́ 30 la fi ń gba òdòdó padà, ó wà lẹ́yìn rìsíìtì. Ọjọ́ 43 lẹ kọ̀wé yín. Owó ò ní padà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a jẹ yín ní dọ́là 152: nínú oṣù kẹwàá, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, màá gbé Little Lime mẹ́rin wá sílé yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi fúnra mi ni màá gbẹ́ ihò. Ìdì pàǹtírí dọ́là 7 yẹn náà ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí mo ń béèrè ò ju méjì lọ. Kí ẹ kó òkúta funfun yẹn kúrò kí n tó dé. Kí ẹ sì jẹ́ kí n hú àwọn òkú mẹ́rin yẹn lọ. Màá gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé mi, lápá ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń là, tí otútù ò bá sì pa ọ̀mùnú wọn, màá fi fọ́tò wọn síbí gan-an, lábẹ́ ìràwọ̀ kan yín, nígbà tí wọ́n bá tanná. Àwọn 17 yẹn náà lè wá wò ó.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ti tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe.