Abẹ́rẹ́ HPV Kì Í Sọ Ọmọbìnrin Di Àgàn
Àhesọ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV (kòkòrò àrùn tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ), tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ń sọ wọ́n di àgàn. Irọ́ ni. Kò sí kòkòrò ààyè nínú rẹ̀, ìwádìí káàkiri àgbáyé láti ọdún 2006 kò sì fi hàn pé ó ń ba ilé-ọmọ jẹ́. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà gan-an ló lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ obìnrin, nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ nígbà mìíràn ni kí wọ́n yọ ilé-ọmọ náà kúrò.