Kámẹ́rà kì í di ojú ẹni

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa lọ́jọ́ Sátidé, bùọ̀dá kan gbọ̀n mí lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ya fọ́tò. "Gbé kinní yìí sílẹ̀ jàre! Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í rí nǹkan kan." Àwọn tó wà nítòsí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Ọdún mẹ́jọ ni mo lò ní Àbújá kí n tó ra kámẹ́rà. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn ìyá Gbagyi, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Àbújá, tó ń ru igi ìdáná wọ ọjà. Ká ní ẹnì kan bi mí ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lé, ǹ bá dáhùn pé orí ni, bíi tiwa. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan tí mo gbé kámẹ́rà lọ sí ọ̀nà Bwari ni mo tó rí i pé èjìká ni. Ẹrù jókòó sí èjìká, ọwọ́ kan dì í mú, ọrùn tẹ̀ sápá kejì láti fàyè sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Kò sí kámẹ́rà kankan tó dí mi lójú nígbà náà, mi ò sì rí i.

Mi ò ní sùúrù tẹ́lẹ̀ o. Ìyá àkọ́kọ́ tí mo na kámẹ́rà sí láìkí i gbójú kúrò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí. Láti ìgbà yẹn, mo ń kọ́kọ́ sọ "sannu", màá ra nǹkan, màá jókòó, kámẹ́rà á ṣì wà nínú báàgì. Nígbà mìíràn, mi ò ní ya ẹyọ kan títí màá fi padà sílé. Ìyàwó mi ní mo ti ń jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán báyìí kí n tó fèsì.

Àwọn tó ń bá kámẹ́rà jà á ní ìwádìí kan wà lọ́dún 2014 tó ní fọ́tò yíyà ń fa ìgbàgbé. Ó wà, àmọ́ àwọn olùwádìí ló pàṣẹ ohun tí àwọn tí wọ́n dán wò máa yà fún wọn, àwọn tó sì sún lẹ́ǹsì mọ́ apá kan lára nǹkan náà ò gbàgbé. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2017, níbi ìpàtẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó yan ohun tí wọ́n fẹ́ yà fúnra wọn rántí ohun tí wọ́n rí ju àwọn tí kò ní kámẹ́rà lọ, títí kan ohun tí wọn ò yà. Ti etí nìkan ni mo lè gbà fún àwọn tó ń bá kámẹ́rà jà: àwọn tó ya fọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ohun tí wọ́n gbọ́.

Nígbà tí a jẹun tán, mo bi bùọ̀dá náà pé ìka wo ni ìyá àgbà fi tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu. Iwájú rẹ̀ gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Kò mọ̀. Mo fi fọ́tò hàn án: ọmọńdinrín ni, ó ti wú ní oríkèé, oyin ń kán lára rẹ̀, ètè ọmọ sì ti là sílẹ̀ dè é.