Ta ló sọ pé néfì òyìnbó fàyè gbà á?

Ẹ bá mi dé ìdí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bá fi lè wọ àárín wọn, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ìwà àwọn ológun ojú omi òyìnbó ni. Láti ayé bàbá ńlá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é nínú ọkọ̀ ogun, ìjọba wọn ò sì bá wọn wí." Àwọn tó kù á mi orí. Ó ti di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, àtẹni tó dé Liverpool rí àtẹni tí kò kọjá Láfẹ́ńwá.

Irọ́ ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọba tó wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bóyá la fi máa rí èyí tó le mọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tó ọkọ̀ ogun.

Àwa ará Abẹ́òkúta ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ yẹn kàn wá. Àwọn ló ń lé àwọn olówò ẹrú kiri etíkun, àwọn ló gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá àwọn Sàró sílẹ̀ tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, kí àwọn kan nínú wọn tó padà wálé wá bá wa láti nǹkan bí ọdún 1839. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó wá gbé nílùú yìí pàápàá, ọkọ̀ ogun HMS Myrmidon ló gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin ọdún 1822. Ọdún mẹ́fà péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù Kejì 1816, néfì kan náà yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ nínú HMS Africaine torí pé wọ́n bá ọkùnrin lò pọ̀. Òfin ọ̀hún ò pamọ́ rárá. Wọ́n máa ń to gbogbo atukọ̀ jọ lóòrèkóòrè kí ọ̀gá kà á sí wọn létí, títí kan ibi tó ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí tó sì fi ikú sí i. Àwọn tó fa Àjàyí sókè sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ti gbọ́ ọ títí á ti sú wọn. Ó di 1861 kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó yọ ikú kúrò, kó fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò ẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìtàn àyè yẹn ti wá sá. Àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ akérò ṣiṣẹ́ ló mú un bọ̀, láyé ìgbà tí ọkọ̀ akérò Aureol ń ná Èkó sí Liverpool. Bàbá kan wà nítòsí wa ní Ìbarà tó ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tínú wọn bá dùn, wọ́n á sọ fún wa nípa òyìnbó kan tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá nínú ọkọ̀ wọn. Lọ́sàn-án, aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló máa ń wọ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Tó bá wá dalẹ́ tíṣẹ́ parí, á kun ètè, á fi táwẹ̀lì wé gèlè, á bọ́ sáàárín agbo, á máa kọrin. "Ọmọ mi, a máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Orúkọ obìnrin la fi ń pè é, òun gan-an ló sọ ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀." Bàbá ní atukọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ibi tí òyìnbó yìí bá wà lòun náà máa ń wà, tí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń jọ wọ ìlú lọ. A bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń fẹ́ra wọn ni. Bàbá kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá Ìyá wà nítòsí, wọ́n wá ní: "Ṣé ẹ rò pójú wa fọ́ ni?"

Bàbá ò parọ́. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ọkọ̀ ogun, kódà nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà, òfin ò fọwọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales sọ lọ́dún 1967 pé àgbàlagbà méjì tó bá fẹ́ra ní kọ̀rọ̀ ò dẹ́ṣẹ̀ mọ́, wọ́n yọ àwọn atukọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ ológun sílẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó ní kì í ṣe ọ̀ràn mọ́ nínú ọkọ̀, àyè láti torí ẹ̀ lé èèyàn níṣẹ́ sì wà nínú òfin títí di 2017. Ohun tí Bàbá rí ni pé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ dijú. Àwọn atukọ̀ yẹn gan-an ní ẹnà tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Polari lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó láyè kì í fẹnà sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn á ní òun rí fọ́tò ológun tó wọ kaba. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí i. Tí ọkọ̀ ogun bá fẹ́ kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì, wọ́n máa ń ṣeré: ẹnì kan á ṣe ọba òkun, ẹnì kan á dé wíìgì, á dira, á ṣe ìyàwó ẹ̀, àwọn ọ̀gá pàápàá á wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí nìyẹn, gbogbo ọkùnrin tó ń di ọmú àti ìdí mọ́ra jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìmẹ̀kọ la máa kó dé tésàn.

Ó wá ku ọkọ̀ ogun fúnra ẹ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìgbádùn ìrìn àjò náà wà, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Àwọn tó ti darúgbó nínú wọn ń sọ ọ́ lójú ayé báyìí. Wọ́n á sọ nípa Strait Street ní Valletta, ní Malta, òpópónà tóóró tí ilé ọtí kún fọ́fọ́, táwọn ọkùnrin tó múra bí obìnrin ń kọrin níbẹ̀. Wọ́n á sọ nípa Bugis Street ní Singapore, níbi tó jẹ́ pé òru lọjà ń kún. Ẹ wo ọmọkùnrin tó ti ìlú kékeré wá, tó rò pé òun nìkan ni irú òun láyé. Wọ́n kó o sí yàrá tí bẹ́ẹ̀dì gun ara wọn lórí, ó wá ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ń wo òun. Ojú òkun rèé, kò síbi téèyàn lè yà sí. Kí wọ́n tó lè rójú sọ̀rọ̀, wọ́n á dọ́gbọ́n kí iṣẹ́ ìṣọ́ òru bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá pín wọn sí ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di lẹ́tà, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì ń kọ sísàlẹ̀ ẹ̀.

Torí ọlọ́pàá ológun ń tú àpótí ni. Wọ́n á ka lẹ́tà, wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á pe ẹni tí wọ́n fura sí, wọ́n á ti ìbéèrè tójú ń ti èèyàn láti sọ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á ní kó dárúkọ àwọn tó kù. Wọ́n rán àwọn kan lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Joe Ousalice ṣiṣẹ́ rédíò nínú néfì Gẹ̀ẹ́sì fọ́dún 18, ó wà nínú ogun Falklands tí Gẹ̀ẹ́sì bá Argentina jà lọ́dún 1982. Ọkùnrin ń wù ú, obìnrin náà ń wù ú. Ní 1993, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ológun, wọ́n lé e. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé lẹ́yìn ìdájọ́, ẹnì kan mú àlùmọ́gàjí wọlé, ó ní kó má bínú, ó gé mẹ́dààlì kúrò lára aṣọ ẹ̀. Mẹ́dààlì iṣẹ́ pípẹ́ àti ìwà rere ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀! Ó dìgbà tó gbé ìjọba lọ sí kóòtù kí wọ́n tó dá a padà ní 2020.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ọ̀gá ṣàdédé yọ́nú sí wọn. Àwọn méjì tí néfì lé, Duncan Lustig-Prean àti John Beckett, gba ìdáláre ní kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1999. Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2000 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó ka irú wọn léèwọ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Amẹ́ríkà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2011 ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ tí néfì wọn fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ ti jábọ̀ ní 1957 pé kò sẹ́rìí pé irú àwọn èèyàn yìí léwu fún àṣírí ìjọba ju ẹlòmíràn lọ. Wọ́n gbé ìwé ọ̀hún pamọ́ fọ́dún gbọọrọ.

Mo gbọ́ ẹni tó ní àwọn òyìnbó ló kó ìwà náà wá bá wa. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa, tá a ṣì lè kà lónìí, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tó wà nínú Criminal Code ni. Òfin ọdún 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà kàn lé e lórí ni.

Ní oṣù Keje 2023, Rishi Sunak, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tọ́ràn náà kàn, owó tẹ́nì kan lè gbà ò sì lè ju 70,000 pọ́n-ùn lọ. Wọ́n fi ọjọ́ sí i: ẹni tó ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ 27 oṣù Keje 1967 sí ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2000 nìkan ni. Ẹni tí wọ́n lé ní 1960, bó tiẹ̀ ṣì wà láàyè, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀.