Bátìrì ọdún 50? Ẹ rọra ná

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yọ̀ pé a ò ní gba iná sí fóònù mọ́, ẹ dúró ná. Lóòótọ́, iléeṣẹ́ Betavolt ti Ṣáínà sọ lóṣù kìíní ọdún 2024 pé bátìrì BV100 àwọn, tó ń rí iná láti ara èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, yóò lò tó 50 ọdún. Ṣùgbọ́n máíkírówáàtì 100 péré, ìyẹn ìdá kan nínú 10,000 wáàtì kan, ló ń mú wá! Fóònù tí ẹ fi ń wo fídíò ń jẹ tó wáàtì kan, ìyẹn ni pé ẹ máa to irú rẹ̀ 10,000 jọ. Àpò ṣòkòtò wo ló máa gbà á?

Nickel-63, èròjà inú rẹ̀ tó ń tú ìtànṣán náà, kò bà mí lẹ́rù púpọ̀, ìtànṣán rẹ̀ ò lágbára, bàbà ló sì ń dà nígbẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n máa jù ú sí ló ń kọ mí lóminú. Ní oṣù Kejìlá 2001, ọkùnrin mẹ́ta tó wá igi lọ sínú igbó nítòsí Lia, ní orílẹ̀-èdè Georgia, rí agolo méjì tó gbóná, yìnyín ti yọ́ yí wọn ká. Òtútù ń mú wọn, ni wọ́n bá sùn tì í. Kò pẹ́ tí èébì fi dé. Strontium-90 ni, èròjà mìíràn tó ń tú ìtànṣán olóró, inú bátìrì ńlá ayé Soviet tí wọ́n pa tì ló ti wá. Ọ̀kan nínú wọn kú sí i.

Ọmọ tó ń ṣa irin lórí ààtàn, ṣé ó máa ka àkọlé ara bátìrì ni? Ti ẹ̀rọ inú ọkàn aláìsàn, mo gbà. Wọ́n kúkú ti lo plutonium, tí òun náà ń tú ìtànṣán olóró, níbẹ̀ rí láwọn ọdún 1970. Ti fóònù kọ́, jàre.