Ata Mi Wà Lórí Típà

Ẹ má bá mi ṣàwàdà lónìí, inú ń bí mi. Òjò àná dá, mo sáré lọ wo àkùrọ̀ mi lẹ́yìn Ìsánlú, ebè ata 14 ni mi ò bá mọ́. Ewúrẹ́ kọ́ ló jẹ ẹ́ o. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ò sí mọ́, ó ti ya lulẹ̀ sódò tòun ti ata lórí.

Àwọn tó ń kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ nínú odò ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo bá wọn sọ ọ́, ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín: "Màmá, inú odò la ti ń kó o, a ò fọwọ́ kan oko yín. Bójò bá rọ̀, kòtò á dí."

Kòtò mà dí lóòótọ́! Kí ló dí i? Oko mi!

Ṣé ẹ rí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, òun ni odò tẹ́ sùn lé. Tí wọ́n bá ti wà á, omi tó ń bọ̀ lókè á máa já bọ́ sínú kòtò, á máa hú etí rẹ̀, kòtò á wá máa rìn lọ sókè, sí oko ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀. Yanrìn tó yẹ kí omi rù lọ sísàlẹ̀ ńkọ́? Kòtò ti gbà á. Ọwọ́ òfìfo ni omi fi ń jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi kì í rìn lọ́wọ́ òfìfo. Bèbè tó bá kàn ló máa jẹ.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, màá fi igbá bu omi. Ní báyìí bèbè ga jù mí lọ, gbòǹgbò igi máńgòrò ń fì dirodiro bí irùngbọ̀n. Kànga ilé wa náà, ẹ̀ẹ̀mejì la ti so okùn mọ́ okùn, torí bí odò bá sá wálẹ̀, omi kànga á tẹ̀ lé e.

Ìpìlẹ̀ òpó afárá tí àwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé sì ti hàn síta. Ní Pọ́túgàl, lóṣù kẹta ọdún 2001, afárá kan wó sínú odò Douro, ènìyàn 59 ló bá a lọ. Yanrìn tí wọ́n ti ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ní ó fà á.

Mi ò ní purọ́, yanrìn odò yìí ni mo fi rẹ́ ilé mi. Ṣùgbọ́n èyí tí odò fọwọ́ ara rẹ̀ kó sẹ́bàá la fi agbada gbé, a ò gbé katakátá wọ inú rẹ̀.

Mo fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ìwé àkùrọ̀ tí bàbá bàbá mi ń ro! Ká tilẹ̀ ní mo ní in, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá wò dà? Bí mo ṣe ń darí bọ̀ ni típà kan kọjá lára mi, ó ń lọ sọ́nà Kàbà. Igi ata kan dúró lórí yanrìn tó kó, ata pupa mẹ́ta ṣì wà lórí rẹ̀.