Máńgòrò ń Jẹrà Lẹ́yìnkùlé, Júùsì Inú Páálí Là Ń Rà

Ọ̀rọ̀ máńgòrò yìí ti sú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ń dùn mí. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, agbára káká ni kí èèyàn tó rí àgbàlá tí máńgòrò kì í já bọ́ sí. Ó ń bọ́ lórí páànù, ó ń bọ́ sínú kànga, ó ń bọ́ sórí aṣọ tí a sá. A jẹ ẹ́ láàárọ̀, a jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ títí inú fi ń run wọ́n, síbẹ̀ èyí tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a jẹ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, eṣinṣin ti bò ó. Oúnjẹ ni o! Oúnjẹ gidi, lásìkò tí ebi ń pa èèyàn, là ń fi ṣọ́bìrì kó dà sí ààtàn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwà àwa èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, nígbà tí èso ò tíì gbó, òkò ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń sọ sí igi. Òkò á lu páànù, á fọ́ gíláàsì fèrèsé, wọ́n á gé èyí tó bọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ nù nítorí pé ó kan. Bí a bá sọ̀rọ̀, ìyá wọn á ní a háwọ́. Nígbà tó wá pọ́n tán, tí a ru báàfù kún tọ ilé wọn lọ, ọmọ á jáde sí wa pé, "Ẹ ṣé mà, màmá mi ní àwa náà ní." Òótọ́ ni. Gbogbo ilé ló ní, gbogbo igi ló sì ń pọ́n pọ̀.

Àwọn alájàpá ńkọ́? Nígbà tí máńgòrò wọ́n, wọ́n á wá bẹ èèyàn, òmíràn á fẹ́ ra odidi igi láti ìgbà tó ṣì wà ní òdòdó. Èyí tí kò tíì gbó pàápàá, wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á fi kábáàdì mú un pọ́n, bí NAFDAC ṣe ń kìlọ̀ títí pé kò dára fún ara èèyàn tó. Ẹ wá pè wọ́n ní oṣù karùn-ún, nígbà tí igi fúnra rẹ̀ ti mú un pọ́n láìsí kẹ́míkà kankan. "Màmá, ẹ má bínú, ọjà ti kún." Iye tí wọ́n ń dá lé apẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn kò tó owó ọmọ tó gun igi, ká má tíì sọ ti owó mọ́tò.

Àwọn tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn onímọ̀ràn. Wọ́n á ní ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí fírísà. Iná wo? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n iná kan (kilowatt-hour), wọ́n sì ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún wọn. Àwa tó wà ní Band E, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ńkọ́? Wákàtí 4 ni ìlérí tiwa, ìlérí náà kì í sì í sábà pé. Kí ni fírísà fẹ́ fi wákàtí 4 ṣe nínú ooru yìí? Máńgòrò tí a bó, tí a gé, tí a fi epo jẹnẹrétọ̀ lọ̀, á ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Abọ́ là ń kó sínú fírísà ilé mi báyìí.

Wọ́n á tún ní ẹ fi ṣe jáàmù. Ṣúgà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èso náà ní ìwọ̀n ni yóò mu, pẹ̀lú gáàsì tí a ó fi sè é. Ta ni yóò ra á lọ́wọ́ mi ní iye tó kó lé mi lórí? Wọ́n á ní ẹ fún ewúrẹ́ jẹ. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èso dídùn kọjá ààlà, ikùn rẹ̀ á wú, ó sì lè kú.

Wọ́n á ní ẹ sá a. Èyí gan-an ló ń mú mi fẹ́ pariwo! Òjò ni máńgòrò ń bá rìn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sí oòrùn láàárọ̀, òjò á dé lọ́sàn-án, ní ọjọ́ kejì ó ti bu. Ní Bobo-Dioulasso ní Bùrùkínà Fasò, ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì ni wọ́n fi ń mú tiwọn gbẹ, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, ó ń lọ Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun rárá ni o! Àwa tí a ní èbúté l'Ékòó, tí gáàsì ń ti inú ilẹ̀ wa jáde, ààtàn là ń kó tiwa lọ.

Èyí tó ń jẹrà yẹn kì í sì í jẹrà lásán. Eṣinṣin èso kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis. Éṣíà ló ti wá, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2003, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Abo rẹ̀ á fi ìdí gún èèpo máńgòrò, á yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ inú èso náà, èso á já bọ́, ìdin á jáde wọnú ilẹ̀, á sì di eṣinṣin tuntun. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń mú máńgòrò tó dán, tó pọ́n dáadáa, tó là á, tó bá ìdin nínú rẹ̀. Kí a máa ṣa èyí tó bọ́ lójoojúmọ́, kí a dì í pa sínú láílọ̀ọ̀nù dúdú sínú oòrùn, tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀ jìn, ohun tó lè dín in kù nìyẹn. Èmi ń ṣe é, bí ẹ̀yìn ṣe ń ro mí tó. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ńkọ́? Àwọn onílé ti kó lọ sí Èkó, wọ́n ti ilé pa, igi ńláńlá ń da èso sílẹ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó ń ṣa á, eṣinṣin ibẹ̀ ló ń fò kọjá ògiri wá sórí tèmi. Ẹni tó bá ní igi, tí kò sí nílé, kó sanwó fún ẹni tí yóò máa ṣa á! Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Ẹ wá lọ sí ìgbéyàwó ní ìlú yìí kan náà, ní oṣù karùn-ún yìí kan náà. Júùsì máńgòrò inú páálí ni wọ́n ń tò sórí tábìlì. Òfin kò gbà kí wọ́n kó júùsì tó ti wà nínú páálí wọlé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n omi èso kíki tí wọ́n fi ń pò ó níbí, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn àlejò ń mu ún lábẹ́ ìbòòji igi máńgòrò, wọ́n ń tẹ máńgòrò mọ́lẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́ bí mo bá rí i.

Mi ò bèèrè ilé-iṣẹ́ ńlá tí gómìnà yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, tí koríko yóò hù bò lọ́dún kejì. Ẹ̀rọ tó ń mú èso gbẹ ni mo ń bèèrè, kó wà lójà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ní igi lẹ́yìnkùlé lè gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ, kó sanwó, kó sì gbé ohun rẹ̀ padà, bí a ṣe ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ilé ọlọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rà á. Káńsù lè rà á. Owó ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú àwọn tí àwọn ìjòyè ìjọba ń gùn yóò rà ju ẹyọ kan lọ.

Ní báyìí, ẹ wá kó o. Iléèwé tó ń bọ́ ọmọ, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tí ebi ń pa, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ mú àpò yín dání, kí ẹ sì wá láàárọ̀, torí èyí tó bá ti di ọ̀sán nílẹ̀ kò ṣe é jẹ mọ́.